Ta Ló Ni Sooting?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi máa ń pa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ́nu mọ́ ládùúgbò wa. Bí ìròyìn bá jáde pé agbábọ́ọ̀lù kan ti fi Shooting Stars sílẹ̀, tàbí pé ìjọba ti yọ ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ náà, tí ẹnì kan wá ń fapá jánú nídìí àwọn oníwèé ìròyìn ní Bẹẹrẹ, ẹlòmíràn á kàn bi í pé, "Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Sé owó bàbá ẹ ni?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bínú náà á rẹ́rìn-ín, torí kò ní èsì. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó sọ pé òun ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe òun ló ń san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ká sọ òtítọ́, àwọn míì nínú wọn kì í san owó ìwọlé pàápàá. Wọ́n mọ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ẹni tí kò ni nǹkan lè ní ẹ̀tọ́ láti bínú nígbà tí wọ́n bá ta nǹkan náà? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní kí ni bọ́ọ̀lù ń wá nínú ìwé àwọn akéwì. Ẹ mú sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ìní ni, ọ̀rọ̀ èdè sì tún ni. Ibi èdè náà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló mọ́ mi lára jù.

Ẹgbẹ́ náà ti jẹ́ WNDC rí, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè ti Ìwọ̀-Oòrùn ni ín. Ó di IICC Shooting Stars nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba. Ó di 3SC, ó di ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí olówó ṣe ń yí ni orúkọ ń yí. Ṣùgbọ́n ní Ọjà'ba, ní Bẹyẹrúnkà, ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá: Sooting. Gbogbo yín lẹ mọ̀ bí ahọ́n Ìbàdàn ṣe máa ń sá fún "ṣ". Ẹ ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí nínú kíláàsì lórí "isu" tí a máa ń jẹ. Ó dáa. Orúkọ òyìnbó náà dé, ahọ́n wa gbà á, ó sọ ọ́ di nǹkan míì. Ẹ ò ní rí Sooting lórí ìwé àdéhùn. Ẹ ò ní rí i lórí ìwé tí kọmíṣánnà fọwọ́ sí. Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí pé ta ló ni Shooting Stars, màá ní ìjọba ni. Ta wá ló ni Sooting?

Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò déédéé máa pè é. Ní 1976, ẹgbẹ́ yìí gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 níbí, àwọn ará Kamẹrúùnù sì na wá ní 1-0 lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ife ti di ti Ìbàdàn. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan ní Nàìjíríà tó ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kankan ṣáájú wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 nínú àṣekágbá ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Èkó. Segun Odegbami jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan. Best Ogedegbe ló wà nínú àwọ̀n. Ọmọ Sooting ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá lọ bá ẹni tó wà láyé lọ́jọ́ náà, kí ẹ bi í pé kí ló kàn án.

Bàbá kan wà ní agbo ilé wa, káfíńtà ni. Ó lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù 1976 fún yín bí ẹni ń ka oríkì ìdílé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dárúkọ Rashidi Yekini, ojú rẹ̀ á yí padà. Ó ní, "Ó dalẹ̀ wa."

Ìtàn tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn nìyí. Yekini, ọmọ bíbí Kàdúná tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ìrá ní Kwara, dé Sooting ní 1982. Ó ṣì kéré, ó ga, ó lágbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ní 1984, ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje tó tóbi jù fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì na wọ́n ní 2-0 ní Cairo, ó tún na wọ́n ní 1-0 ní Èkó. Inú bí ìjọba ológun tó wà nípò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Wọ́n ṣe ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà, ẹ̀san wọn ni pé kí olúkúlùkù kó ẹrù rẹ̀! Yekini gba Abẹ́òkúta lọ, sí Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí MKO Abíọ́lá ń náwó fún. Àwọn yẹn gba ife Nàìjíríà ní 1985 àti 1987.

Mo bi bàbá káfíńtà náà pé, "Bàbá, ṣebí ìjọba ló tú wọn ká? Níbo lẹ fẹ́ kó gbà?"

Ó ní, "Ìyẹn ò kàn mí jàre. Sé ọmọ tí òjò lé jáde nílé, ilé Ẹ̀gbá ló yẹ kó sá sí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ilẹ̀ dídà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Kí ènìyàn tó lè dalẹ̀, àwọn méjì ti ní láti jọ mulẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ́kọ́ da ilẹ̀ náà nù, kí ló kù tí ẹnì kejì fẹ́ dà? Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n tú ẹgbẹ́ ká ló kọ́kọ́ dalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í rí olúwarẹ̀. Inú ọ́fíìsì ló wà, àwọn ṣọ́jà sì wà lẹ́nu géètì. Agbábọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ń rí, òun ló wọ ẹ̀wù tuntun, òun ló padà wá jẹ góòlù sí wa lójú. Torí náà, orí rẹ̀ ni ìbínú já lé. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn níbi gbogbo.

Ẹ má sì rò pé Ẹ̀gbá nìkan ló ń fi owó fa ènìyàn. Nínú ìlú Ìbàdàn níbí gan-an, Leventis United yọ jáde pẹ̀lú owó ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn. Wọ́n gba ife Nàìjíríà ní 1984 àti 1986, wọ́n gba líìgì ní 1986. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn olówó wọn fi pa á tì, ó sì parẹ́. Lónìí, mélòó nínú yín ló mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rí? Ó ní olówó, ó ní ife, ṣùgbọ́n kò tíì ní ahọ́n tó máa pe orúkọ rẹ̀ lápètúnpè.

Ní báyìí mo fẹ́ yí padà sí àwa olólùfẹ́ fúnra wa, torí kì í ṣe àwọn olówó nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí a máa ń lò. A ní, "Wọ́n ti tà á." A ta isu, a ta ẹran, a ta agbábọ́ọ̀lù. Ẹnu wa kì í kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ìbàdàn ni a wà, ìlú tó jẹ́ pé ogun ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó jẹ́ pé ẹrú pọ̀ ní ilé àwọn olórí ogun àti nínú oko wọn. Ẹni tó bá ti ka eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ta ènìyàn ní ìlú yìí rí. Kì í ṣe àfiwé.

Ẹ tún wo ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ tó ní bàbá ni, tó ní ìlú, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí wọn á fi san gbèsè tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé. Gbèsè náà kì í dín kù bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó. Mo ka ìtàn Jean-Marc Bosman, agbábọ́ọ̀lù ará Bẹ́ljíọ̀mù, ìwọ̀fà ló sì wá sí mi lọ́kàn. Àdéhùn òun àti RFC Liège ti parí, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kó lọ sí Faransé àfi tí owó bá kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì ja ọdún púpọ̀ kí ilé ẹjọ́ gíga ti Yúróòpù tó dá a láre ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1995. Ní Amẹ́ríkà, Oscar Robertson, ọ̀gá nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ti ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 1976, àwọn eléré sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà láti yan ibi tí wọ́n fẹ́ lọ nígbà tí àdéhùn bá tán.

Ohun tó wá ń jẹ mí lẹ́nu rèé. Tí a bá ní "ọmọ wa ni," kí là ń sọ? Èdè Yorùbá fún wa láyè láti sọ pé "tiwa" nípa ohun tí a kò rà. Ìlú wa, ọba wa, ìyàwó wa: gbogbo agbo ilé ló máa ń pe ìyàwó ẹnì kan ní ìyàwó wa, kò sì sí aṣiwèrè tó máa rò pé wọ́n jọ fẹ́ ẹ ni. Ọ̀nà ìní yẹn kò lówó nínú. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ọmọ ẹni lè lọ sí ìdálẹ̀, ó lè lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí a kò fẹ́ràn, ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹni. Ẹrú nìkan ni wọ́n máa ń lépa tó bá kúrò nílé. Nígbà tí bàbá káfíńtà bá pe Yekini ní ọmọ wa, tó sì tún pè é ní ọ̀dàlẹ̀ torí pé ó lọ, èwo nínú méjèèjì ló ń pè é gan-an? N kò lè bi í bẹ́ẹ̀ lójú, torí àgbà ni. Ẹ̀yin ni mo ń bi.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ti gbà fún àwọn tó ń sọ pé "kí ló kàn ẹ́." N kò gbà rárá. Ẹ rìn láti Màpó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bẹyẹrúnkà, ẹ wo ara ògiri. Ẹ máa rí i tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ta ló kọ ọ́? Kì í sábà jẹ́ Mógàjí. Ọmọ ẹbí kan ni, tí kò ní ju yàrá kan lọ níbẹ̀, tó lè jẹ́ pé kò tíì fi kọ́bọ̀ tún òrùlé ṣe rí. Òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀! Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láì gba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, kóòtù lè fagi lé títà náà. Bí àwọn àgbà bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, bí ẹni pé wọn ò tà á ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló ni í. Ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ohun tó jẹ àwọn tó kù ni pé kó pè wọ́n jókòó kó tó ṣe é.

Èyí ni mo rò pé olólùfẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí. Kì í ṣe pé kí agbábọ́ọ̀lù má lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn tí ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn má ṣe fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kan á fi mọ́, tí yóò wá gbọ́ ọ lórí rédíò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Dallas díẹ̀. Ìbàdàn mọ Dallas. Ibẹ̀ ni Yekini ti gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ife àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, tó rọ̀ mọ́ àwọ̀n Bùlùgéríà tó ń sunkún, tó ń pariwo. Ní ìlú yẹn kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn, Mavericks, fi Luka Doncic ránṣẹ́ sí Lakers ti Los Angeles ní òru. Ọmọ ọdún 25 ni, òun ló gbé wọn dé àṣekágbá ní 2024. Kò ní kí wọ́n gbé òun lọ. Wọ́n gba Anthony Davis àti àwọn nǹkan míì dípò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò tilẹ̀ tà á. Wọ́n fi ènìyàn pààrọ̀ ènìyàn.

Àwọn ará ìlú gbé pósí lọ síwájú ilé eré náà. Wọ́n ń kọrin pé kí wọ́n lé Nico Harrison, ọ̀gá tó ṣètò pàṣípààrọ̀ náà. Odindi oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń pariwo orúkọ rẹ̀, bí wọ́n bá ń borí, bí wọ́n bá ń pàdánù. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn olówó lé e. Luka kò sì padà wá.

Mo fara mọ́ pósí yẹn. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ó ju ti bọ́ọ̀lù lọ, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n ń sin lóòótọ́: ẹni tí wọ́n rò pé wọ́n jọ máa darúgbó ti lọ láì dágbére. N kò fara mọ́ orin yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti kọrin lé ẹnì kan. Àwa náà mọ̀ ọ́n kọ. Gómìnà tuntun á dé, ìgbìmọ̀ tuntun á dé ní Adámásingbà, a ó jó. Nǹkan á bàjẹ́, a ó ní kí wọ́n máa lọ. Ní 2017 Sooting já kúrò ní líìgì àgbà, a ka gbogbo orúkọ ẹni tó jẹ̀bi tán. 2021 ni wọ́n tó padà gòkè. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ìgbà wo la bèèrè bóyá àwọn ọmọ náà ti gba owó oṣù? Gbèsè owó oṣù jẹ́ àìsàn tó ti pẹ́ nínú líìgì wa, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń pariwo "ọmọ wa" nígbà tí ọmọ fẹ́ lọ, ó yẹ kó ti bi í rí bóyá ó ti jẹun.

Èyí ló gbé mi padà sọ́dọ̀ Yekini, torí ìtàn rẹ̀ kò parí sí Abẹ́òkúta tàbí Dallas. Ó gba Ivory Coast kọjá, ó dé Portugal, ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 1993, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè náà. Góòlù 37 ló jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó parí bọ́ọ̀lù, ó lè gbé ibi tó bá wù ú. Ìbàdàn ló padà wá. Kò sí ẹni tó rà á wá, kò sí àdéhùn kankan. Ó kàn wá gbé ìlú tó ti di agbábọ́ọ̀lù gidi.

Ó ń dá gbé. Kì í fẹ́ bá oníròyìn sọ̀rọ̀, kì í fẹ́ èrò. Wọ́n ń sọ pé ara rẹ̀ kò yá, pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọdún lórí ọdún ló fi wà báyìí nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2012, ó kú. Ẹni ọdún 48 ni. Ìrá ni wọ́n sin ín sí.

Mo bi bàbá káfíńtà náà bóyá ó rí i rí láàárín àwọn ọdún yẹn. Ó gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun rí i lẹ́ẹ̀kan, lọ́nà Ring Road, ó ń dá rìn lọ.

"Sé ẹ kí i, Bàbá?"

Ó ní, "Mo fẹ́ kí i. Mi ò mọ ohun tí mo lè pè é."